Bàbà Gbà, Rọ́bà Kọ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mùdàṣírù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Òṣogbo,
ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ kì í ṣe bí wọ́n ti ń so wáyà.
Ọ̀bẹ ló fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bó o."
Mo bó o. Awọ dúdú já sílẹ̀,
bàbà yọjú, ó pọ́n bí ẹyinná.
"Ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì?"
Mo ní bàbà ni.
Ó rẹ́rìn-ín, kò dá mi lóhùn.

Ó ní inú bàbà dà bí agbo ilé tí kò nílẹ̀kùn:
àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ibẹ̀ kì í gbélé,
wọ́n ń ti yàrá bọ́ sí yàrá,
a ò mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá èwo mọ́.
Kí nǹkan ṣáà ti tì wọ́n díẹ̀ lẹ́yìn,
gbogbo wọn a dorí kọ ọ̀nà kan.
Wọn ò sáré o. Ìgbín yára jù wọ́n lọ.
Àmọ́ bí ẹni iwájú bá ti gbẹ́sẹ̀ ní Òkè-Fìà,
ẹni ẹ̀yìn ti mọ̀ ọ́n lára ní Ìgbọ̀nà;
ìyẹn ni gílóòbù fi ń tàn
kí o tó mọ́wọ́ kúrò lára súìṣì.

Rọ́bà ńkọ́?
Ọmọ kọ̀ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó di etí aṣọ mú.
Ẹ pè é títí, kò jẹ́.
Bẹ́ẹ̀ náà ni tánganran funfun orí òpó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí délé fún ìyá mi,
aláró ni, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.
Kò wojú mi, ó ń kán ìda gbígbóná sára aṣọ.
"Ibi tí ìda bá jókòó sí, aró ò ní débẹ̀.
Ṣé ohun tí mo ń sanwó kó o lọ kọ́ nìyẹn?"

Wáyà lílọ́ inú sítóòfù iná kò kọ̀, kò sì gbà tán.
Ọ̀nà rẹ̀ rí gbágungbàgun,
àwọn ọmọ ń forí gbárí níbẹ̀,
ìforígbárí yẹn ló ń pọ́n, òun náà ló ń se ẹ̀wà wa.

Igi kì í gbé iná.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fàlà sí i nídìí.

Ọ̀ṣúnkúnlé gun pákó láti tún mítà ṣe
lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Agẹmọ.
Pákó àná náà ni. Àná ó gùn ún, kò sí nǹkan.
Ṣùgbọ́n òjò òru ti mu wọnú rẹ̀,
iyọ̀ òógùn ẹsẹ̀ wa láti ọdún mẹ́ta
ti yọ́ sínú omi náà,
pákó ti ṣílẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó dún.
Iná jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ju àpò sìmẹ́ńtì.
Ó yè.
Ìka méjì ni kò ṣeé ká mọ́.

Ọ̀gá ò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ṣí fìlà.
"Èmi ni mi ò parí ẹ̀kọ́ náà.
Ohun tó kọ̀ lánàá,
ẹ tún bi í lónìí."

Sólà ni mò ń so báyìí, lórí páànù Àlékúwodò.
Wọ́n ní yanrìn ni wọ́n sè tó fi di dúdú báyẹn.
Òun ò fẹ́ jọ bàbà, kò fẹ́ jọ rọ́bà;
ojú oòrùn ló ń wò.
Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ọmọ kan,
ọmọ a jọ̀wọ́ aṣọ ìyá rẹ̀, a bọ́ sọ́nà.

Nísàlẹ̀, Ọ̀ṣúnkúnlé fi ìka mẹ́jọ di àkàbà mú.
Mo bi í bóyá ilẹ̀ gbẹ.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án.
"Ó jọ pé ó gbẹ."
Mo ní kó tún un wò.